"Èmi Ì Bá Dìbò Fún Un, Ṣùgbọ́n Àwọn Yòókù Ńkọ́?"

  

Ní Sátidé tí ó kọjá, mo ń ná aṣọ lọ́wọ́ ìyá kan ní ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ kan tí ó bá wa níbẹ̀ dá ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ìyá bi í pé, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ń kàwé. Ṣé lóòótọ́ ni pé obìnrin kankan kò tíì jẹ Ààrẹ lọ́dọ̀ wọn rí?" Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, pé láti 1789 tí George Washington ti gorí àléfà, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ìkórìíra ni ó sì fà á. Ìyá mi orí. Ó ní, "Ìkórìíra wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà fún yín. Bí mo bá lọ ra aṣọ l'Ékòó, kì í ṣe èyí tí ó wù mí ni mo ń rà, èyí tí mo bá rò pé oníbàárà yóò rà ni. Mo rí àǹkárá kan lọ́dún tó kọjá, ó wù mí dé ọkàn, mo fi í sílẹ̀ nítorí mo ní àwọn obìnrin ìlú wa kò ní fẹ́ àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ìyá tí a jọ wà ní ìlà kan gbé e dé. Kò pé ọjọ́ ọjà méjì tí ó fi tà tán."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn. Ó dá mi lójú pé ìyá yìí, tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, mọ ìdìbò Amẹ́ríkà ju ọ̀pọ̀ akọ̀wé lọ.

Òfin ilẹ̀ náà kò ṣòro. Èyí tí wọ́n kọ ní 1787 sọ gbangba pé a kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀sìn du ẹnikẹ́ni ní ipò ìjọba. Ní 1870 wọ́n fi kún un pé a kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ du ènìyàn ní ìbò. Ní 1920, pé a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ó jẹ́ obìnrin dù ú. (Àwọn ará Gúúsù fi àrékérekè àti ipá gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú títí òfin 1965 fi dé, ṣùgbọ́n ìtàn èyí gùn, ó di ọjọ́ mìíràn.) Ibi tí òfin kò lè dé ni inú olùdìbò nígbà tí ó bá ń wo ojú aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ wo ti ẹ̀sìn. Ní 1928, ẹgbẹ́ Dẹ́mókíráàtì fa Al Smith, gómìnà New York, kalẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Ariwo sọ pé bí ó bá wọlé, Póòpù ni yóò máa ṣe ìjọba Amẹ́ríkà láti Róòmù. Herbert Hoover nà án ní ìpínlẹ̀ 40 nínú 48; àní Texas àti Virginia, tí ó ti jẹ́ ti ẹgbẹ́ Smith láti ọjọ́ pípẹ́, kẹ̀yìn sí i. Kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan o. Owó wà lóde nígbà náà, ará ìlú sì ń yin ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba. Smith sì tún lòdì sí òfin tí ó ka ọtí títà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà òṣèlú mú kúrò níbẹ̀ ni pé Àgùdà kò lè wọlé láé.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi bà wọ́n nígbà tí John Kennedy dìde ní 1960. David Lawrence, gómìnà Pennsylvania, wà lára àwọn tí ń fòyà, Àgùdà sì ni òun náà! Kò kórìíra Kennedy. Àwọn mìíràn ni ó ń rò. Kennedy bá gba West Virginia lọ, ilẹ̀ àwọn tí ń wa èédú, níbi tí Àgùdà kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì nà Hubert Humphrey níbẹ̀ ní May 10. Owó bàbá rẹ̀ náà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ní September, ó dúró níwájú àwọn pásítọ̀ ní Houston, ó ní òun kì í ṣe aṣojú ìjọ òun, aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú òun ni òun. Nǹkan bí ìbò 113,000 péré ni ó fi borí Richard Nixon, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 68. Ẹ̀sìn tí ó lé àwọn kan sá kúrò lẹ́yìn rẹ̀ náà ni ó kó àwọn mìíràn wá bá a, nítorí bí mẹ́jọ nínú Àgùdà mẹ́wàá ni ó dìbò fún un.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù ni Shirley Chisholm. Ẹ̀yin olùkọ́, tiyín ni. Brooklyn ni wọ́n bí i sí ní 1924. Barbados ni ìyá rẹ̀ ti wá, Guyana ni ti bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Barbados ni ó sì ti kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé. Olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni kí ó tó ṣe òṣèlú. Ní 1968 ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a yàn sí Ilé Aṣojú-ṣòfin wọn ní Washington. Ní January 1972, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Brooklyn, ó ní òun fẹ́ jẹ Ààrẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú pàdé ní Gary, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní March. Wọn kò tì í lẹ́yìn. Èrò ọ̀pọ̀ ọkùnrin inú wọn ni pé bí dúdú kan yóò bá kọ́kọ́ du ipò náà, kò yẹ kí ó jẹ́ obìnrin. Àwọn aṣáájú obìnrin ń pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń bá George McGovern ṣiṣẹ́, nítorí òun ni wọ́n ní ó lè wọlé. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé jíjẹ́ obìnrin dí òun lọ́wọ́ ju jíjẹ́ dúdú lọ. Nígbà tí wọ́n yìnbọn fún George Wallace, gómìnà Alabama tí ó ti búra pé funfun àti dúdú kò ní jọ jókòó láé, Chisholm lọ kí i ní ọsíbítù. Àwọn èèyàn rẹ̀ bínú sí i. Èmi kò bínú sí i.

Nígbà tí ẹgbẹ́ dìbò ní Miami Beach, aṣojú bí 152 ni ó yàn án, nínú èyí tí ó lé ní 3,000. McGovern ni wọ́n mú, ẹni tí ó lè wọlé. Nixon sì nà án ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50.

Ẹ wá wo Barack Obama. Ní 2007, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú kò tíì tẹ̀lé e. Ọmọ wọn ni, wọn kò kórìíra rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn funfun kò ní dìbò fún un ni, wọn kò sì fẹ́ fi ìbò wọn ṣòfò. Ní January 3, 2008, wọ́n dìbò àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ náà ní Iowa, níbi tí mẹ́sàn-án nínú ènìyàn mẹ́wàá ti jẹ́ funfun, òun ni ó ṣe ipò kìíní. Kí oṣù náà tó parí, bí mẹ́jọ nínú aláwọ̀ dúdú mẹ́wàá tí ó dìbò nínú ẹgbẹ́ ní South Carolina ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀sìn kò sì yéé lé e. Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé Mùsùlùmí ni, bí ẹni pé wọ́n mú olè. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí ní kàyéfì, èmi tí a bí ní ilẹ̀ tí bàbá ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí ọmọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Colin Powell, ọ̀gágun àgbà tẹ́lẹ̀, ni ó bi wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n pé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́.

Ilé-iṣẹ́ Gallup ti ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè láti 1937. Nígbà náà, 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àwọn lè yan obìnrin. Ní 1958, 38 ni ó ní àwọn lè yan dúdú. Ní 2019, èyí tí ó gbà fún méjèèjì ti lé ní 90; ti Mùsùlùmí jẹ́ 66, ti ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ 60. Ara ẹni ni a ń bi olúkúlùkù níbẹ̀ o, ta ni yóò sì fẹ́ kí a kọ òun sílẹ̀ ní ìkà?

Hillary Clinton rí ìbò tí ó fi bí mílíọ̀nù 2.9 ju ti Donald Trump lọ ní 2016, síbẹ̀ kò wọlé, nítorí ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń ka tiwọn. Obìnrin mẹ́fà ni ó jáde nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fún 2020. Àwọn olùdìbò tún bẹ̀rẹ̀: èmi ì bá dìbò fún un, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ńkọ́? Joe Biden ni wọ́n mú. Àgùdà ni; ẹ ò gbọ́ kí wọ́n fi Póòpù dẹ́rù ba ara wọn mọ́. Ní 2024, Kamala Harris jáde, obìnrin, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dúdú ará Jàmáíkà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Íńdíà. Trump fi 312 sí 226 borí rẹ̀. Ọjà wọ́n, àkókò tí ó fi polongo kò sì ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní òun lè wọn iye tí àwọ̀ kó àti iye tí obìnrin kó nínú ìyẹn, kí ó mú òṣùwọ̀n rẹ̀ wá kí a rí i.

Mo padà sí ìsọ̀ ìyá ní ọjọ́ Ajé láti san gbèsè mi, mo sì sọ ti Iowa fún un. Ó bi mí pé ta ni ó sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé ọjà yẹn yóò tà. Mo ní Obama fúnra rẹ̀ ni, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí ó fi ń ti ìlú kékeré kan bọ́ sí òmíràn níbẹ̀.

"Ó kiri nìyẹn," ni ìyá wí, ó sì yíjú sí ẹni tí ń béèrè àdìrẹ.