Odù tí kò rí ẹni ràn án lọ́wọ́: èrò mi lórí ọ̀wọ́ akọni nínú ayò ọlọ́pọ́n

Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síhìn-ín gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ìdánwò ni kò jẹ́ kí n rójú. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì, ó sì gbé mi dé Ọjà Ọba, níbí ní Adó-Èkìtì. Mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé ìdí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló bi mí ní ìbéèrè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe eré ogun kan lórí tábìlì. Ère kéékèèké ni àwọn ọmọ ogun náà. Ẹni tó ni wọ́n ni yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí yóò kùn wọ́n lọ́dà, tí yóò tò wọ́n sójú ogun. Dáìsì bíi ti lúdò ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ṣubú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fẹ́ràn èrò púpọ̀. Ọmọ ogun díẹ̀ ló ń kó jọ, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó mẹ́wàá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wá ní, “Ọ̀gá, kí ni a ó pe irú ọ̀wọ́ ogun bẹ́ẹ̀ ní èdè wa?” Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Eré náà kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó. Ní ọdún 1824 ni àwọn ológun ilẹ̀ Prussia, tó di ara Jámánì lẹ́yìn náà, tẹ́wọ́ gba irú rẹ̀ kan láti ọwọ́ von Reisswitz, kí wọ́n lè fi kọ́ àwọn ọ̀gá ogun wọn. Ní 1913, òǹkọ̀wé H. G. Wells tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀, Little Wars ni àkọlé rẹ̀. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ Games Workshop gbé Warhammer 40,000 jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí sì wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lónìí. Nínú èyí, ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan tàbí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Àwọn òṣèré yóò fohùn ṣọ̀kan lórí àpapọ̀ iye kan, bíi 2,000, kí ogun ẹnì kan má baà ju ti ẹnì kejì lọ. Ó dà bí ẹni méjì tó mú iye owó kan náà lọ sí Ọjà Ọba: ẹnì kan ra agbo adìẹ, ẹnì kejì ra àgbò kan ṣoṣo. Owó wọn dọ́gba, ohun tí wọ́n mú bọ̀ wálé ni kò dọ́gba. Alágbò ni ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ní ti orúkọ, mo lòdì sí ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Yorùbá ní Ẹ̀ṣọ́. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a rí i pé àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́ ilé, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò sì ni olórí wọn. Akínkanjú ni wọ́n, wọn kì í sì í fẹ́ kí ọfà ba àwọn láti ẹ̀yìn, nítorí ẹni tó ń sá ni ọfà ń bá lẹ́yìn. Lónìí, bí a bá ní “ẹ̀ṣọ́”, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kò rántí ju ẹni tó ń ṣọ́ géètì báńkì lọ. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti sún kì. Ìdáhùn mi fún akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá ti parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé mo ya Ọjà Ọba ní ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Adó mọ̀ pé ọjà náà, tí wọ́n tún ń pè ní Erékèsán, kò jìnnà sí ààfin Èwí. Mo ra iṣu tán, ni mo bá rí àwọn bàbá kan lábẹ́ ìbòòji ìsọ̀ kan tí wọ́n ń ta ayò. Wọ́n fún mi ní àyè. Èmi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ akọni ọmọ ogun sínú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, mo jókòó, mo ní kí n fi ọpọ́n dán an wò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì ta ayò rí, ilé méjìlá ló wà nínú ọpọ́n: mẹ́fà ní ọwọ́ mi, mẹ́fà ní ọwọ́ ẹni tí mo ń bá ta. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń fi sínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ó bá kàn mí, n óò kó gbogbo ọmọ inú ilé kan, n óò máa pín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, títí wọn yóò fi yí wọ ọwọ́ kejì. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé rẹ, tí ohun tó wà níbẹ̀ sì di méjì tàbí mẹ́ta, mo jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ilé tó ṣáájú rẹ̀ náà bá ní méjì tàbí mẹ́ta, mo jẹ ìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ̀.

Ọ̀wọ́ akọni inú ayò ni a ń pè ní odù: ilé kan ṣoṣo tí a kó ọmọ jọ sí títí tí wọ́n fi lè yí ọpọ́n po. Ẹ rántí pé odù ni àwọn aláró ń pe ìkòkò ńlá wọn pẹ̀lú. Ká ní ọmọ 16 wà nínú ilé mi tó kángun sí ọ̀tún. Bí mo bá pín wọn, mẹ́fà yóò wọ ilé rẹ, márùn-ún yóò gba ọwọ́ mi kọjá, n óò fo ilé tí mo ti kó wọn, márùn-ún tó kù yóò sì tún wọ ilé rẹ márùn-ún àkọ́kọ́. Bí àwọn ilé náà bá ṣófo tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò di méjì. Mo jẹ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni n óò jẹ. Ta ni irú ìyẹn kò ní wọ̀ lójú?

Ó wọ̀ mí lójú. Mo kọ́ odù títí ó fi pé 15. Bàbá tí mo ń bá ta kò wo odù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn ń ta tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ tó wà nínú ilé rẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dín sí méjì. Èmi náà ń dúró de ìgbà tí yóò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa ta. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nínú ilé mi yòókù ni mo ń fi sún ọjọ́ síwájú, títí gbogbo wọn fi rọ́ wọ inú odù, tí ilé márùn-ún ṣófo. Ó wá kàn mí, kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ mi ju odù lọ.

Mo pín in. Ọmọ tó kẹ́yìn bọ́ sí ilé rẹ̀ kẹrin, ó di mẹ́rin. N kò rí ẹyọ kan jẹ. Ilé mi márùn-ún tó ti ṣófo wá ní ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wà níta gbangba bí ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Ilé rẹ̀ kẹfà ní méjì tẹ́lẹ̀. Odù tèmi ló sọ ọ́ di mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn náà ni bàbá kó, ó pín wọn sí ilé mi mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di méjì, ó sì jẹ mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Tíṣà, ọmọ ogun rẹ pọ̀ láàfin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣọ́ bodè.”

Gbólóhùn yẹn ni èrò mi lónìí. Àwọn tí kì í ṣe akọni ni wọ́n ń ra àkókò fún akọni. Kò sí bí ọ̀wọ́ akọni ṣe lè lágbára tó, bí kò bá sí àwọn gbáàtúù tó ń di ojú ọ̀nà mú títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó, àgbájọ lásán ni.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ogun Kírìjì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìwọ̀nba àkànṣe ìbọn ló gba Èkìtì sílẹ̀? Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹsí dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn. Ìbàdàn ní ìrírí ogun ju gbogbo ìlú Yorùbá lọ nígbà náà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé ní Èkó ló ń wá ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé, nígbà tí ṣakabùlà ṣì pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ìró ìbọn ni wọ́n sì ní ó bí orúkọ Kírìjì. Àwọn tó ń yin ìbọn tuntun náà ni Ẹ̀ṣọ́ Èkìtì Parapọ̀, bí a bá fẹ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n fi ìbọn náà parí ogun? Rárá. Ìbàdàn náà wá irú rẹ̀. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ ibùdó kò tú pátápátá títí di 1893. Ìbọn tuntun dá Ìbàdàn dúró. Kò lé wọn lọ sílé. Kí ló wá mú Èkìtì Parapọ̀ dúró fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ẹni tó ń roko kí oúnjẹ lè dé ibùdó ni, ẹni tó ń ru ẹtù gba inú igbó ni, ìlú kékeré tí kò yẹ àdéhùn ni. Àwọn ni ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan, méjì méjì, tí kò jẹ́ kí ilé ṣófo.

N kò sọ pé kí a má kọ́ odù. Ẹni tí kò kọ́ odù rí, ọ̀pẹ̀ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a máa ka ilé tó kù bí a ti ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Odù ni àwa tí a gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. A kó ìmọ̀ jọ sí ilé kan: ìwé àpilẹ̀kọ, àpérò, ọ̀rọ̀ tuntun tí àwa nìkan gbọ́ yé ara wa. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn. A pariwo, àwa ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ta ló wà ní ẹnu bodè? Ìyá tó ń fi Yorùbá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí ọjà, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ní ìwé lọ́wọ́, àwọn bàbá tó mọ ohun tí odù, ọ̀ta àti ọ̀pẹ̀ jẹ́ lórí ọpọ́n. Lábẹ́ ìbòòji tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún ni mo kéré jù. Bí ilé wọ̀nyẹn bá ṣófo tán, tí ó wá kàn wá láti ta, kí ni a ó ta?

Òfin ayò kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Bí ilé ẹni tí a ń bá ta bá ṣófo pátá, dandan ni kí a fún un ní ọmọ, bí a bá ní èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa kò fẹ́ kí a fi ebi pa ẹnikẹ́ni nídìí ọpọ́n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún alátakò, báwo ni yóò ṣe rí fún ọmọ ẹni?

Ọ̀sẹ̀ pé, mo dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn: Ẹ̀ṣọ́ ni kí ó pe àwọn ọmọ ogun náà, kí ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó fi ìyókù iye rẹ̀ ra àwọn tí yóò máa ṣọ́ bodè. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú un lọ sí Ọjà Ọba. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, bàbá sì nà án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí a ń bọ̀, ó bi mí bóyá a lè padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dánu dúró níbí. Ire o.