Ohun Tó Ń Fà Nínú Ìkòkò Ọbẹ̀

Bí ọmọ bá bi yín pé kí ló dé tí ilá fi ń fà tí omi kì í fà, ẹ má lé e kúrò nídìí ààrò. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ físíìsì ṣì ń wádìí ló béèrè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi lásán bẹ̀rẹ̀. Ní 1923, G. I. Taylor ti Cambridge gbé ìwádìí kan jáde. Ó ki páìpù kan bọ inú òmíràn, ó rọ omi sáàárín wọn, ó wá ń yí ti inú. Bó ṣe ń yí i pẹ̀lẹ́, omi ń bá a yí jẹ́jẹ́. Nígbà tí eré náà kọjá ìwọ̀n kan, omi ẹ̀gbẹ́ páìpù inú fẹ́ sá síta, kíki omi kò sì lè dá a dúró mọ́. Ni omi bá pín sí òrùka òrùka, wọ́n tò léra bí ẹ̀gbà ọwọ́, oníkálukú ń ká lọ́tọ̀.

Tí a bá wá bu pọ́límà díẹ̀ sí i ńkọ́? Pọ́límà ni èròjà tí ègé rẹ̀ so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n gígùn. Irú rẹ̀ wà nínú oje ilá. Bí omi ṣe ń yí, ẹ̀wọ̀n náà ń nà bíi rọ́bà tí a fi ń di owó, ó ń fún omi mọ́ àárín. Ní 1990, Larson, Shaqfeh àti Muller fi hàn ní Amẹ́ríkà pé fífún yìí nìkan tó láti dá òrùka sílẹ̀, kódà bí eré omi kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, Toms ti rí i ní 1948 pé pọ́límà díẹ̀ máa ń jẹ́ kí ohun tó ń ru gùdù nínú páìpù rọlẹ̀, kó sì ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó ń pa ìjà níhìn-ín ló ń dá a sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹ dán an wò. Ẹ bu omi sínú ife kan, oje ilá tó fà dáadáa sínú èkejì. Ẹ wọ́n ata gígún díẹ̀ sí méjèèjì, ẹ fi ṣíbí rò wọ́n yíká kíákíá, kí ẹ yọ ọ́ lójijì. Omi á ṣì máa yí. Ilá á tètè dúró, bó bá sì fà tó, ata orí rẹ̀ á padà sẹ́yìn díẹ̀. Rọ́bà yẹn ló súnkì.

Àwọn òbí kan máa ń sọ fún wa pé sáyẹ́ǹsì kò ṣe é fi Yorùbá sọ. Ṣùgbọ́n "ó kì" yàtọ̀ sí "ó fà" lẹ́nu àwọn ìyá wa: ẹ̀kọ mímu kì, ilá fà. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ìwádìí yìí dá lé. Ẹ sọ ọ́ fọ́mọ yín, kó má bàa bá a pàdé bí àjèjì nílé ìwé.

Ó di ìgbà mìíràn.