ÌLẸ̀KẸ̀ ÒRÌṢÀ LỌ́RÙN ẸLẸ́WỌ̀N

Ẹ̀yin Ọba, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, àwọn baba wa a máa wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹni tí adájọ́ rán lọ sí ẹ̀wọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a dè. A kò gba orí rẹ̀ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Àwọn tí ó ń wí pé ẹ̀sìn ẹlẹ́wọ̀n àti ààbò ọgbà ẹ̀wọ̀n kò lè gbé pọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rí dá wọn lóhùn.

Ní ọdún 1994, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n ń sin òrìṣà gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú ti gbìn ín sí Kúbà, bẹ̀bẹ̀ láti wọ ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà wọn. Àwọn aláṣẹ kọ̀. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ lè di àmì ẹgbẹ́ jàǹdùkú, kí ó sì dá ìjà sílẹ̀. Adájọ́ Sonia Sotomayor kò fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ, níbi tí ojú ẹlòmíràn kò ní tó o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ní ọdún 2015 ẹ̀wẹ̀, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà fi ohùn kan dá Mùsùlùmí ẹlẹ́wọ̀n kan ní Arkansas láre, pé kí ó dá irùngbọ̀n ìdajì íńṣì sí. Bí ẹ̀rù ohun ìpamọ́ bá ń ba wọ́dà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilẹ̀ tí òrìṣà ti ṣẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ̀ka 38 Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀ka 45 gbà kí òfin dín in kù nítorí ààbò, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tí ó tọ́ nìkan. Bí Kristẹni bá wọ ẹ̀wọ̀n, ìjọ rẹ̀ a wá a lọ; bí Mùsùlùmí bá wọ̀ ọ́, lemọ́mù a wá a lọ. Ta ni yóò wá ọmọ awo lọ? Ìtìjú ni bí adájọ́ New York bá bọ̀wọ̀ fún ìlẹ̀kẹ̀ wa ju àwa tí a ni ín lọ.

Nítorí náà, kí ìjòyè tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní ìlú rẹ̀ tọ ọ̀gá ibẹ̀ lọ, kí ó fi orúkọ àgbà olórìṣà oníwà rere lélẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ẹrù àgbà náà wò lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń yẹ ti ẹlòmíràn wò. Èyí kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún olè. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá parí ọdún rẹ̀, àárín wa ni yóò padà sí. Kí ó tó dé, ẹ má jẹ́ kí a gba ohun tí ó ń bẹ̀rù láti ṣẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀.