Ẹ Lọ Bá Wọn Nílé!

Ẹ jọ̀wọ́, irú ọgbọ́n wo ni kí á ní kí ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ dìde wá, kí á tó lè gbà pé kò lè dìde? Ohun tí wọ́n ń pè ní ferifikéṣọ̀n nìyẹn (ọ̀rọ̀ náà gan-an wúwo lẹ́nu). Bàbá tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìlobù tàbí Ìfọ́n, bí wọ́n bá ti ní àyẹ̀wò wà ní Òṣogbo, àfi kó yọjú. Ọ̀kadà ni wọ́n á gbé e gùn, ọmọ rẹ̀ á dì í mú lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Wọ́n á débẹ̀, wọ́n á ní kó tò. Ìwé ìròyìn ti gbé e lọ́pọ̀ ìgbà, káàkiri Nàìjíríà, pé àgbàlagbà dákú lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kò jí mọ́.

Wọ́n á ní nítorí olè ni. Ó dáa, òkú ń gbowó lóòótọ́, kí á má purọ́. Ta wá ni olè náà? Ní January 2013, ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá kan lẹ́bi ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ló bá a lọ, wọ́n ní kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san 750,000 náírà! Ó di 2018 kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà. Abdulrasheed Maina ńkọ́, tí wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò fọ ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì mọ́? Òun náà rẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ he ní November 2021. Èwo nínú wọn ló fi ọ̀pá tilẹ̀ lórí ìlà?

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. PTAD ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò "I Am Alive" ní 2023. Inú ilé ni èèyàn ti ń gbé fóònù sójú, tí yóò fi hàn pé òun wà láyé. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àtijọ́ ló wà fún, kò kan tíṣà pírámárì àti òṣìṣẹ́ kánsù. Nílùú Òyìnbó náà, nígbà tí kòrónà dé ní March 2020, wọ́n dá pípe àwọn aláàbọ̀ ara wá fún àyẹ̀wò dúró, wọ́n ń fi fóònù àti ìwé dókítà ṣe é. Ayé kò tìtorí ìyẹn bàjẹ́.

Kí kánsù Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìlobù àti ti Orólù ní Ìfọ́n fún nọ́ọ̀sì kan àti akọ̀wé kan ní ọ̀kadà, kí wọ́n máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ṣé wọn ò mọ ilé ni? Nígbà ìbò ńkọ́, ṣebí wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n?