Ta Ni Yóò San Owó Iná Hítà Yìí?

Láti ìgbà tí ilẹ̀ London ti ń ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́: "Hítà wo ló dára, èló sì ni wọ́n ń tà á?" Lójú tiwa, ìdajì kejì ìbéèrè yẹn ló ń kó bá wa. Iye tí a fi ra hítà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí yóò jẹ lórí mítà láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Ẹni tó sì tà á kò ní bá wa san kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà. Hítà tí wọ́n kọ 2kW tàbí 2000W sí lára, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láìsinmi, yúníìtì 2 ló jẹ. Ní ìparí ọdún 2025, gbèdéke tí Ofgem fi sórí owó iná ilé jẹ́ nǹkan bíi pẹ́ńsì 26 fún yúníìtì kan. Wákàtí 5 lálẹ́ jẹ́ yúníìtì 10, ìyẹn £2.60. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, £78. Yàrá kan ṣoṣo là ń wí yìí o! Bó bá ṣe £25 lẹ ra hítà náà, ó ti jẹ ju ìlọ́po mẹ́ta owó ara rẹ̀ lọ kí oṣù tó parí.

Ohun tí ìpolówó kì í sọ ni pé, nínú àwọn hítà wọ̀nyí tí à ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tó ń yọ ooru tó ju iná tó jẹ lọ. Èyí tí wọ́n ń tà ní £20 àti èyí tí wọ́n ń tà ní £200, iye ooru kan náà ni àwọn méjèèjì ń yọ nínú yúníìtì kan. Ìyàtọ̀ wà nínú bí ooru náà ṣe ń tètè dé, ibi tó ń lọ, àti bóyá hítà mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ìdí nìyí tí ọkàn wa kò fi gba hítà kékeré wọ̀nyẹn tí wọ́n ń fi há sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, 400W tàbí 500W, tí wọ́n ní yóò mú gbogbo ilé móoru tí yóò sì gé owó iná sí méjì. Ó ń jẹ iná díẹ̀ lóòótọ́. Ooru díẹ̀ náà ló ń yọ. Kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi tíì, 3kW ni ọ̀pọ̀ wọn, ìlọ́po mẹ́fà hítà yẹn. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 10 lóròó, fẹ́ nǹkan bíi 1kW. Pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15 fẹ́ tó 2kW, pàápàá nínú ilé àtijọ́ tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni tó gbé 500W síbẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi ṣíbí pọn omi sí àgbá: yóò tàn án láti òwúrọ̀ dalẹ́, òtútù ò ní lọ, mítà ò sì ní dúró.

Báwo la ṣe wá ń yàn án? Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé wákàtí mélòó lẹ máa ń lò nínú yàrá náà. Bó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ wọ bọ́ọ̀sì, hítà onífáànù bá a mu. Ó ń tètè gbóná, ariwo rẹ̀ ò sì ní pẹ́ tán. Bó bá jẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn, tàbí ibi tí ìyá àgbà ń jókòó sí látàárọ̀, hítà elépo la fara mọ́, èyí tó rí bíi rédíétọ̀ tó ní táyà lẹ́sẹ̀. (Kì í ṣe pé à ń rọ epo sí i o, inú rẹ̀ ni epo ti wà láti ilé iṣẹ́.) Ó lọ́ra láti gbóná, ṣùgbọ́n kì í pariwo, ara rẹ̀ sì ń móoru fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á. Ẹ má ra èyí tí kò ní thermostat, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń dá a dúró fúnra rẹ̀ bí yàrá bá ti móoru tó. Ìwọ̀n 18 tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Yàrá ìkókó, láàárín 16 sí 20. Ìkókó kì í ṣe iṣu tí à ń sun.

Èyí tó ń pọ́n bí ẹyín iná, iwájú rẹ̀ nìkan ló ń yá. Bí ọmọ kéékèèké bá wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà. Ẹ má gbé hítà alágbèéká wọ balùwẹ̀ rárá. Ẹ má sì ki hítà méjì bọ ẹ̀kístẹ́ńṣọ̀n kan: nǹkan bíi 3kW ni agbára plọ́ọ̀gì 13A mọ, 2kW méjì ti kọjá a.

Àwọn tó ń gbé ilé alájà gíga ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú gbàù ní Ronan Point, ilé alájà 22 ní Newham. Igun kan ilé náà wó, ènìyàn 4 sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yọ gáàsì kúrò nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yá. Hítà ńlá tó wúwo lára ògiri irú fúláàtì bẹ́ẹ̀, bíríkì ló wà nínú rẹ̀. Òru ló ń kó ooru jọ, nígbà tí iná Economy 7 bá pọ́ọ́kú fún wákàtí 7, ọ̀sán ló sì ń tú u sílẹ̀. Ẹ pa bọ́tìnnì Output kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ ṣí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kí ẹ sì yẹ bíìlì yín wò: bí iye ọ̀sán àti ti òru bá jẹ́ ọ̀kan náà, hítà yẹn kò ṣe yín láǹfààní kankan. Ẹni tó ní bọ́ílà gáàsì tó ń ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sáré ra hítà iná, nítorí nǹkan bíi pẹ́ńsì 6 ni yúníìtì gáàsì ní ìparí 2025. Kó dín rédíétọ̀ àwọn yàrá tí kò sẹ́ni níbẹ̀ kù, ó tó.

Àwọn àgbà wa tó wá kàwé níhìn-ín láàárín ọdún 1950 sí 1970 kò gbàgbé hítà oníkẹrosíìnì, bó ṣe ń rùn, bó ṣe ń dáná sunlé. Wọn ò sì gbàgbé mítà tí wọ́n ń sọ ṣílè sí. Àwọn onílé ayé ìgbà yẹn ń jèrè lórí ṣílè náà. Lónìí, àwa náà ti di onílé. Ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn kan, a ó sọ ọ́ síbẹ̀. Nínú wa la ti rí ẹni tí bọ́ílà ilé rẹ̀ bàjẹ́, tó ra hítà £15 fún ayálégbé mẹ́ta, tó ní òun ti ṣe tòun. Òfin ọdún 1985 lórí onílé àti ayálégbé sọ pé onílé ló gbọ́dọ̀ tún ẹ̀rọ tí a fi ń mú ilé móoru ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kò sáyè fún un láti ta iná fún ayálégbé ní iye tó ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ san lọ. Ẹni tó yan hítà £15 yẹn kọ́ ló ń san £78 lóṣù. Ibẹ̀ gan-an ni ìwà ìrẹ́jẹ wà.

Bákan náà lọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò wa. Àwọn kan ti kọ̀wé béèrè owó yíyá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi kó hítà kékeré inú sọ́kẹ́ẹ̀tì wá tà ní ìgbà òtútù yìí. Èrè wà níbẹ̀, a ò jiyàn. Àmọ́ òfin ọdún 1994 fẹ́ kí ohun èlò iná inú ilé ní plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bá ìwọ̀n BS 1363 mu, Trading Standards sì lè kó gbogbo ọjà tí kò bá dára lọ. Ta ni yóò wá san owó ẹgbẹ́ padà? Ká tiẹ̀ ní wọn ò kó o, ta ló ń rà á? Ìyàwó arákùnrin wa ni, tó ń fi kọ́ọ̀kì sọ owó sí mítà ní ìwọ̀n £5, £5.

Alájẹṣẹ́kù ni wá. Olùtà àti olùrà wà nínú àpò kan náà, nítorí náà a kò lè máa jèrè lára ara wa bí àjèjì. Ohun tí a fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe ni pé kí wọ́n má fọwọ́ sí owó yíyá yẹn. Kí wọ́n fi owó náà ra hítà elépo tó ní thermostat àti táímà lọ́pọ̀, kí àwọn alárọ́bọ̀ wa máa tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ lérè kékeré, kí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ sì san án díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé títí di oṣù kẹta.

Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn yàrá tó fẹ́ gbé hítà sí, kó kọ ìbú àti òró rẹ̀ sílẹ̀, kó sì mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ pẹ̀lú bíìlì iná tó dé kẹ́yìn.