Agbára Ewé Kò Sí Nínú Ògógóró

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹlẹ́dàá ewé àti egbò. 

Ọ̀rọ̀ àgbo ni a fẹ́ bá yín sọ. Láti Akówónjọ dé Ẹ̀gbẹ́dá, a ń rí àwọn tó ń ta egbò tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Wọ́n ní omi kò lè fa agbára egbò jáde. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀: ọtí líle a máa fa àwọn èròjà kan tí omi kì í fà. Ṣùgbọ́n àwọn apoògùn a máa wọn tiwọn. Ta ló ń wọn ti ẹ̀bá títì? Lọ́dún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ògógóró tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún àwa Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ti parí ṣáájú èyí: Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ fún ẹni tó fẹ́ fi ọtí ṣe oògùn pé àrùn ni, kì í ṣe oògùn.

Kí ni kí á wá lò? Ohun tí àwọn ìyá wa ń lò ni. Omidùn, omi orí ògì tí à bá dà nù, kíkan rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èròjà kíkorò inú egbò, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alkaloid, a máa yòrò sínú omi kíkan ju omi lásán lọ. Kò gba igi ìdáná, kò sì ba ilẹ̀ jẹ́.

Iná náà ní ìwọ̀n. Ní Ṣáínà, Tu Youyou ka ìwé àtijọ́ kan tó ní kí á rẹ ewé kan sínú omi, kí á sì fún un mu. Kò ní kí á sè é. Ibẹ̀ ló ti fura pé iná líle ló ń ba oògùn náà jẹ́. Lọ́dún 1971 ó fi ooru díẹ̀ fà á, oògùn ibà artemisinin sì ti ibẹ̀ wá. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015.

Efinrin ńkọ́? Òróró rẹ̀ ló ń ta sánsán. Bí a bá sè é láìdé ìkòkò, òróró náà á bá ooru lọ. Al-Kindī, onímọ̀ Mùsùlùmí àtijọ́, kọ̀wé lórí bí a ṣe ń mú irú ooru bẹ́ẹ̀ padà di omi olóòórùn dídùn; al-inbīq ni ohun èlò rẹ̀. Ọmọrí ìkòkò ni al-inbīq tálákà.

Ẹ má sì jẹ́ kí àgbo pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n a máa rẹ dàbínù sínú omi fún Ànábì. Bí ó bá ti kọjá ọjọ́ kẹta, kì í mu ún mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí á yé bó èèpo igi yí ká, nítorí igi tí a bá bó yí ká, kíkú ni yóò kú. Ewé tí a já lónìí yóò tún rú.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ilé-kéwú kọ̀ọ̀kan gbin efinrin àti dóńgóyárò sí àgbàlá rẹ̀, kí àwọn ọmọ mọ bí a ti ń fi omi lò wọ́n. Bí àìsàn bá sì le, ilé-ìwòsàn ni kí á gbà lọ. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.