Ilé Wà ní Mowé, Ta Ló Wà Nínú Ilé?



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa ní Ìdí-Àràbà yìí, ó sì ti tó gẹ́ẹ́ kí a dá a lóhùn. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá gbéyàwó, tí ó rí ilẹ̀ rà ní Mowé tàbí ní Ìbàfò, tí ó kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, tí ó sì kó wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri, kíá ni a ó máa kí i kú oríire. A ó ní ó ti bọ́. A ó ní ó ti kúrò lábẹ́ onílé, ó ti kúrò láàárín àwọn ọmọ ìta, ó ti lọ síbi tí atẹ́gùn wà. Ẹni tó bá ṣẹ́kù sí Mushin dà bí ẹni tí kò ní alùbáríkà. Kò ní í ju oṣù mẹ́fà lọ, àwa kan náà ni a ó tún máa bú ọ̀dọ́kùnrin yìí pé a kò rí i ní mọ́ṣáláṣí mọ́, pé kì í wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, pé ó ti gbàgbé ilé bàbá rẹ̀. Mo sọ pé ìyìn yẹn kò tọ̀nà, èébú náà kò sì tọ̀nà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ẹni tó wà ní Mowé kò gbàgbé wa. Ọ̀nà ni kò jẹ́ kó wá, a ó sì sọ ẹni tó lé e sójú ọ̀nà náà kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka wákàtí. Ẹni tó ń gbé Mowé tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Màríínà tàbí ní Àpápá, bí kò bá jí ní aago mẹ́rin òru, ó ti pẹ́. Ojú títì ni ìrun Àsùbáà máa ń bá a. Nígbà mìíràn, orí ìjókòó ni yóò ti kí i, pẹ̀lú àpò lórí itan, láàárín ẹni tó ń sùn àti ẹni tó ń polówó agbo. Bí ó bá di alẹ́, aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni yóò kan ilẹ̀kùn. Ẹ kà á sí wákàtí mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀. N kò ka ọjọ́ tí tírélà bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà o, n kò sì ka gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe láti 2013, ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní 1978 tí a rò pé yóò gbé wa dé ilé kíákíá. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ní ọjọ́ márùn-ún, jẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Ọ̀sán kan pẹ̀lú òru rẹ̀ kò ju wákàtí 24 lọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50 láàárín ọdún, ó di wákàtí 1,500, èyí tó lé ní ọjọ́ 62. Oṣù méjì gbáko lọ́dọọdún, tọ̀sántòru, inú bọ́ọ̀sì! Ẹni tí ìjọba bá fi sẹ́wọ̀n oṣù méjì lọ́dọọdún, a kò ní kí i kú oríire.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo kúrò ní nǹkan bíi ₦190 tó bọ́ sí nǹkan bíi ₦490 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó sá fún owó ilé ti ń san owó ilé fún awakọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé onílé a máa gbà á lẹ́ẹ̀kan, awakọ̀ a máa gbà á láràárọ̀.

Wọ́n á ní, ṣebí ó ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣebí Sátidé àti Sọ́ńdè ni yóò fi jẹ ìgbádùn ilé tó kọ́. Ẹ wo Sátidé ọ̀hún. Nǹkan wo ló ń ṣẹlẹ̀ ní Mowé ní Sátidé? Èèyàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mushin ni ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ wà, Surulere ni wòlímà ọmọ ọ̀gá rẹ̀ wà, Ìsàlẹ̀ Èkó ni fìdáù ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Ọkọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ á wọ aṣọ ẹbí, wọ́n á tún padà sójú ọ̀nà tó ti fi ọjọ́ márùn-ún lù wọ́n bolẹ̀. Ní Sọ́ńdè, bí ó bá ti àsàlátù dé, ìpàdé àwọn onílé ń dúró dè é, nítorí ọ̀rọ̀ tiransífọ́mà kò tíì parí, ọ̀nà àdúgbò ti di kòtò, wọ́n sì ń dáwó kànga. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò sùn. Mo ti gbọ́ kí ìyá kan máa lé ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Sọ́ńdè pé, "Ẹ jẹ́ kí dádì yín sinmi." Ọmọ yẹn ti ń dúró láti ọjọ́ Ajé.

Ẹ tún jẹ́ kí n ya díẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, òyìnbó ló ṣètò rẹ̀ fún wa. Ọjọ́ Jímọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ tiwa, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Wákàtí kan péré la máa ń tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó á kí Jímọ̀ rẹ̀ ní Mọ́ṣáláṣí Gbogboògbò tí wọ́n ṣí ní 1988, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó pé ọdún mẹ́wàá ní Mowé, ẹ̀gbẹ́ ta ni yóò dúró sí nínú sàfù? Ta ni yóò fi hàn án bí a ti ń jókòó gbọ́ kútúbà? Ọmọ lè dàgbà di géńdé láìfi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá bá bàbá rẹ̀ lọ sí Jímọ̀, kó má sì jẹ́ pé bàbá náà kì í kírun.

Àwọn tó ń kọ ẹnu sí Ìdí-Àràbà yóò ti máa bínú báyìí. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo mọ ohun tó wà níbí. Mo mọ ilé oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú síra wọn, tí ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo wà lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wọn. Mo mọ òórùn igbó tó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé lálẹ́, mo mọ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí ọmọdé ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìta kó tó mọ Fàtíhà. Mo mọ òru tí a kò sùn nítorí ìjà àdúgbò kan pẹ̀lú èkejì. Ẹni tó bá sọ pé kí ọmọ òun má dàgbà sínú ìyẹn kò ṣẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù pẹ̀lú rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé ní Ìdí-Àràbà, ọmọ á fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé kéwú, aáfà tó ń kọ́ ọ sì mọ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Ìyá á lọ sí ọjà Ojúwòyè, á sì padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Màmá àgbà wà ní yàrá kejì, òun ló ń tọ́jú ìkókó. Bí gìrì bá gbé ọmọ ní aago méjì òru, ará ilé yóò gbọ́ igbe, ilé-ìwòsàn ńlá tí a ń pè ní LUTH, tó ti wà ní àdúgbò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò sì jìnnà. Àwọn tó wà láti Ìbàdàn títí dé Badagry ń wá ibẹ̀ wá, àwa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn Àlàásárì, àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí lè wọlé lọ bẹ àwọn aláìsàn wò kí wọ́n sì padà dé kí Màgàríbì tó tó. Ta ni yóò ti Mowé wá ṣe é?

Ẹ rántí Sátidé ìmọ́tótó. Láti 1984, nígbà ìjọba ológun, ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má jáde láàárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ó sì di 2016 kí ìjọba Èkó tó mú ìséde náà kúrò. Ẹ̀rù sójà la fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n títí di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo bàbá ló wà nílé. Bàbá ń kó gọ́tà, ọmọ ń gbá ìta, aládùúgbò tí kì í kí ara wọn á jọ di ọkọ́ mú. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, síbẹ̀ àwọn tó dàgbà nígbà náà ṣì ń sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé Mowé burú nítorí pé ó jẹ́ eteetí ìlú. Ìdí-Àràbà pàápàá, igi àràbà ló fún un lórúkọ. Igi iṣin ló sì fún Mushin ní tirẹ̀. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Mushin wà, gẹ́gẹ́ bí Mowé ti wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Surulere ńkọ́? Ní 1955, àjọ tí wọ́n ń pè ní LEDB, tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, gbé ètò kalẹ̀ láti wó ilé àwọn èèyàn lórí nǹkan bíi 70 éékà ní àárín Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní ilé wọn kò bójú mu. Surulere ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, sínú ilé tuntun. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá wádìí bí nǹkan ti rí fún wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ilé tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ti pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan ti fọ́nká, arúgbó tó ń rí ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ nípa Mowé lókè yìí, ẹ yọ Mowé kúrò, ẹ fi Surulere ọdún 1958 sí i, kò ní yàtọ̀ púpọ̀.

Ohun kan ló yàtọ̀. Àwọn yẹn, ìjọba ló lé wọn. Àwọn ọmọ tiwa, ta ló lé wọn?

Àwa ni. Àwa alájì àti àlájà tí a ní ilé ní Ìdí-Àràbà, ní Ìṣàgá, ní ìhà Ojúwòyè. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbéyàwó lójú wa, tí a jẹ ìrẹsì rẹ̀, tí a ṣàdúà fún un kí ó bí ìbejì, ní ọjọ́ Ajé ó wá béèrè yàrá kan àti pálọ̀, a ní kó mú owó ọdún méjì wá, kó mú owó àdéhùn, kó mú owó ẹni tó mú un wá. Owó tí a bù lé e lórí yẹn, ilẹ̀ ló fi rà ní Mowé. Kì í ṣe atẹ́gùn ló ń wá lọ. A tún wá jókòó sí mọ́ṣáláṣí, a wẹ̀yìn, a kò rí ọ̀dọ́ ní sàfù kejì, a ní ayé ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, mo ní ọ̀rọ̀ tiyín. Ẹlòmíràn nínú yín rí ilé tó lè gbà nítòsí, ṣùgbọ́n ojú ń tì í pé kí wọ́n má bàa ní inú ilé àjùmọ̀gbé ló ṣì wà. Orúkọ "láńlọ́ọ̀dù" ló ń wá. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ ẹnì kankan níbi tó gbé e lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní ilé kéwú, òun náà kì í sí nílé láti jẹ́ láńlọ́ọ̀dù ọ̀hún. Bí ó bá di dandan kí ẹ lọ, ẹ má fi ẹ̀dínwó ilẹ̀ nìkan yan ibi tí ẹ ó máa gbé. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádó gba Ìjù, Agége àti Ìkẹjà wá sí Oshodi àti Mushin, títí dé Yábàá àti Oyíngbò. Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ irin yóò rí ọmọ rẹ̀ kó tó sùn. Ẹ lọ ní méjì-mẹ́ta, kí ẹ jọ ra ilẹ̀ nítòsí ara yín, kí ìyàwó yín rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó rẹ́ ògiri, ẹ wá aáfà tí yóò máa kọ́ ọmọ. Ẹ sì fi Sátidé kan lóṣù du aṣọ ẹbí, kí ẹ jókòó sílé.

Ẹgbẹ́ pẹ̀lú, a kò gbọdọ̀ máa pè wọ́n wá sí Ìdí-Àràbà nìkan. Ẹni tó ti rìn fún wákàtí 30 láàárín ọ̀sẹ̀, àwa ló yẹ kí a wọ mọ́tò lọ bá ní Sọ́ńdè, kí a ṣe àsàlátù ní iwájú ilé rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ pé ó ní èèyàn.

Ní ti ẹ̀yin onílé, n kò bẹ̀ yín, nítorí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ti sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ nínú òfin náà. Wọn kò yọ Mushin, wọn kò yọ Surulere. Alájì tó bá tún fẹ́ gba ti ọdún méjì lọ́wọ́ ọmọ tó jókòó sí sàfù ẹ̀yìn rẹ̀, kó kọ́kọ́ dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó sọ iye tó fẹ́ gbà sétí gbogbo jàmáà.